Ta Ni Òṣìṣẹ́ FOI Ń Ṣiṣẹ́ Fún?

Ọjọ́ méje ni òfin Nàìjíríà fún un. Láti ìgbà tí lẹ́tà ará ìlú bá ti wọ ilé iṣẹ́ ìjọba, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà á wọlé, kó mọ ẹ̀ka tí ìwé tí wọ́n ń béèrè wà, kó rí fáìlì náà, kó kà á tán, kó ya ohun tó ṣeé fi síta sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí òfin ní kí wọ́n dá dúró, kó gba ọ̀gá rẹ̀ nímọ̀ràn, kó sì rí i pé èsì jáde kí ọjọ́ tó pé. Ẹni náà ni òṣìṣẹ́ FOI, agbaninímọ̀ràn lórí òfin òmìnira ìwífún. Níbì kan, amòfin ni. Níbòmíràn, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìròyìn ni. Nígbà mìíràn, akọ̀wé tó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n kàn gbé èyí lé lórí.

Òfin náà jìyà kó tó dé. Ọdún 1999 ni àbá rẹ̀ kọ́kọ́ wọ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀. Ní 2007, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kò buwọ́ lù ú. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan tó sọ ọ́ di òfin. Lẹ́yìn ìyẹn ni iyàn bẹ̀rẹ̀ lórí bóyá ó de àwọn ìpínlẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Àkúrẹ́ sọ ní 2018 pé ó dè wọ́n, nínú ẹjọ́ oníròyìn kan tó béèrè àbọ̀ àyẹ̀wò ìṣirò owó Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èyí tó wà ní Benin ní kò dè wọ́n. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ parí iyàn náà: òfin yìí kan ìjọba àpapọ̀, ó kan ìpínlẹ̀, ó kan ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, kò sì sí èyí tí kò ní nílò ẹni tí yóò jókòó sídìí iṣẹ́ yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àríyànjiyàn ni ipò ẹni náà. Ìjọba ló ń san owó oṣù rẹ̀, ará ìlú ni òfin ní kó dá lóhùn. Ta wá ni ọ̀gá rẹ̀? Àwọn tó ti ronú sí i, nílé àti lókè òkun, kò fẹnu kò. Ìdáhùn wọn pín sí ọ̀nà mélòó kan, kálukú ló sì ní ibi tó lágbára sí àti ibi tó kù sí.

Àwọn tó ní amòfin ni kó jókòó síbẹ̀

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí ni ìlànà àwọn ará ibí yìí. Wọ́n ní òfin FOI kì í ṣe ìwé àṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo fáìlì dà sí ìgboro. Láti abala 11 lọ sókè, òfin Nàìjíríà to àwọn ohun tí ilé iṣẹ́ ìjọba lè dá dúró: ọ̀rọ̀ ààbò àti àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, ìwádìí àwọn agbófinró tí kò tíì parí, ọ̀rọ̀ ara ẹni, àṣírí òwò, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín agbẹjọ́rò àti oníbàárà rẹ̀. Ohun tó mú iṣẹ́ náà le ni pé púpọ̀ nínú àwọn àyọkúrò yìí kì í ṣe ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Bí àǹfààní tí aráàlú yóò rí nínú ìwé náà bá ju ìpalára tó lè tibẹ̀ wá, òfin ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ta ló lè wọn èyí bí kò ṣe ẹni tó kọ́ òfin? Bí òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ bá fi orúkọ ẹni tó ta ọlọ́pàá lólobó sínú èsì, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ fi sí ọ̀dọ̀ àwọn amòfin jù. Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba àpapọ̀ ni òfin fi ṣe alábòójútó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fi àbọ̀ ọdọọdún ránṣẹ́ sí. Ìlànà tí ọ́fíìsì rẹ̀ tún ṣe ní 2013 ní kí ẹni tó ń bójú tó FOI má kéré sí ipò olùrànlọ́wọ́ olùdarí. Ọ̀rọ̀ ipò yẹn ṣe pàtàkì. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2007 ní kí olórí FOI ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹni tí ipò rẹ̀ bá ti olùrànlọ́wọ́ mínísítà dọ́gba, nítorí ẹni tí kò lè wọ yàrá ọ̀gá kò lè gba ọ̀gá nímọ̀ràn.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Wọ́n kọ́ amòfin láti gbèjà oníbàárà, oníbàárà rẹ̀ níbí sì ni ilé iṣẹ́ ìjọba. Abala 24 sọ pé ẹni tó kọ̀ láti fúnni ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé òun jàre, ṣùgbọ́n amòfin tó ń gbèjà a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi àyọkúrò, a sì máa fẹ́ parí síbẹ̀. Ẹjọ́ àjọ LEDAP fi èyí hàn. Wọ́n béèrè iye owó oṣù àti àjẹmọ́nú tí wọ́n san fún àwọn aṣòfin àpapọ̀ láti oṣù Kẹfà 2007 sí oṣù Karùn-ún 2011. Owó ìlú ni, ará ìlú ló sì ń béèrè. Síbẹ̀, ó di kóòtù: Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá ló dá ẹjọ́ ní 2012 pé kí wọ́n fi síta. Ní Britain ẹ̀wẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba kan wà nígbà kan tí wọ́n ń pè ní Clearing House, tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba máa ń darí ìbéèrè tó bá le sí fún ìmọ̀ràn. Ní 2021, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bẹnu àtẹ́ lu bí ìjọba ṣe fi iṣẹ́ ọ́fíìsì náà pamọ́. Ọ́fíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí òfin ìṣípayá ló ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀.

Àwọn tó ní ìránṣẹ́ ẹni tó béèrè ni

Ọ̀nà kejì yí ojú padà pátápátá. Wọ́n ní iṣẹ́ òṣìṣẹ́ FOI bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mú lẹ́tà wá, tí kò mọ orúkọ fáìlì, tí kò mọ ẹ̀ka tó ni ín, tí kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Abala 16 òfin Britain, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2005, sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ ìjọba láti ran ẹni tó béèrè lọ́wọ́, kí wọ́n sì tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní òṣìṣẹ́ ìpẹ̀tù nínú ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan, tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí èsì kò tẹ́ lọ́rùn kí ó tó dé kóòtù.

Àwọn tó bá ka òfin Nàìjíríà dáadáa yóò rí i pé ó sún mọ́ ọ̀nà yìí ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ. Ẹni tó béèrè kò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Bí ìwé náà bá wà ní ilé iṣẹ́ mìíràn, àwọn tó gba lẹ́tà lè darí rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni náà mọ̀. Owó tí wọ́n lè gbà kò kọjá ti ẹ̀dà ìwé àti àdàkọ. Abala 3 tún gba ẹni tí kò mọ̀wé kọ tàbí tí ó ní ìpèníjà ara láyè láti rán ẹlòmíràn, ó sì pa á láṣẹ pé bí ẹnì kan bá fi ẹnu sọ ohun tó fẹ́, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Èyí ni apá tó jẹ́ ti gbogbo ayé jù nínú òfin náà: ìyálọ́jà tó fẹ́ mọ iye tí ìjọba ìbílẹ̀ ná sórí ọjà rẹ̀ kò nílò amòfin kankan.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń kọsẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ní kó sin ará ìlú, ìjọba ló lè gbé e ga, ìjọba ló sì lè gbé e lọ sí ibi tí kò fẹ́. Abala 27 dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá tú ìwé sílẹ̀ pẹ̀lú ọkàn rere, bí Òfin Àṣírí Ìjọba ti 1962 tilẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Gbígbà á lọ́wọ́ ìwé tí yóò gbé e kúrò ní ẹ̀ka rẹ̀ lọ́la ló ṣòro. Ìyọnu mìíràn tún wà tí kò yẹ ká fojú fò. Àwọn kan a máa da ìbéèrè bo ilé iṣẹ́ ìjọba láti fi gbẹ̀san tàbí láti fi dá iṣẹ́ dúró. Britain fún àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí akíkanjú ti parí tí onílàáàsìgbò ti bẹ̀rẹ̀ kò rọrùn láti fi ìlà sí, ọ̀gá tí ìbéèrè bá gún lára sì lè yára pe akíkanjú ní onílàáàsìgbò.

Àwọn tó ní fáìlì ni gbogbo ọ̀rọ̀

Ọ̀nà kẹta kì í sábà gba àfiyèsí, bẹ́ẹ̀ òun ló sì jìnlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ onímọ̀ ìtọ́jú ìwé. Wọ́n ní ẹ jẹ́ kí amòfin àti ìránṣẹ́ máa jà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rí fáìlì, òfin di ìwé lásán. Ọjọ́ 7 kò tó fún ẹni tó ní láti wá ìwé nínú yàrá tí òjò ti jò sí, tí ikán ti wọ̀, tí orúkọ tó wà lára fáìlì kò sì bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ FOI tòótọ́ ni ẹni tó ti mọ ibi tí ìwé wà kí lẹ́tà tó dé.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn tó wá di olórí Yunifásítì Ìbàdàn, ló lọ káàkiri ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn ní nǹkan bí ọdún 1950 síwájú, tó sì rí bí ìwé ṣe ń bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló mú kí wọ́n dá ilé àkójọ ìwé ìjọba sílẹ̀ ní 1954, èyí tó di National Archives tó wà nínú ọgbà yunifásítì náà dòní. Àwọn akọ̀tàn ni ọ̀rọ̀ náà jẹ lógún nígbà náà. Òfin 2011 ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ọmọ ìlú: abala 9 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, kí wọ́n sì tò ó lọ́nà tí aráàlú yóò fi rí i gbà. Abala 10 sì sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí i padà kí ó tó dọ́wọ́ ẹni tó béèrè yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún kan. Bí a bá fi èyí wé ìyà tí wọ́n ń jẹ lórí kíkọ̀ láti fúnni, èyí tí í ṣe owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún 500 náírà, a ó rí i pé àwọn tó kọ òfin náà mọ ibi tí ewu gidi wà.

Ewu náà sì ti pààrọ̀ aṣọ. Ìpinnu ìjọba kò sí nínú fáìlì nìkan mọ́. Ó wà lórí WhatsApp, ó wà nínú ímeèlì ara ẹni. Ní oṣù Keje 2022, ọ́fíìsì Kọmíṣánnà Ìwífún ní Britain tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn mínísítà àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìlera ṣe fi fóònù àti ímeèlì tara wọn ṣiṣẹ́ ìjọba lásìkò Kòrónà, ó sì rí i pé ìtọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Òfin Nàìjíríà kò yọ ọ̀rọ̀ orí fóònù sílẹ̀: ìwífún tí kò sí lórí bébà náà jẹ́ ìwífún. Àmọ́ agbaninímọ̀ràn wo ni yóò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kó gbé fóònù rẹ̀ wá?

Ohun tí wọ́n fi ń bu ọ̀nà yìí kù ni pé ó gba owó, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀lẹ lè fi ṣe àwáwí. “A ò rí fáìlì náà” rọrùn láti sọ ju “a ò ní fún ọ” lọ, kò sì sí bí ẹni tó wà níta yóò ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Síbẹ̀, láìsí ìtọ́jú ìwé, kò sí èyí tó lè dúró nínú àwọn ọ̀nà yòókù.

Àwọn tó ní kí ìyà kan òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀

India ló gbé èyí jìnnà jù. Òfin wọn ti 2005 yan òṣìṣẹ́ ìwífún sí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan, ó sì fún un ní ọjọ́ 30, tàbí wákàtí 48 bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí tàbí òmìnira ènìyàn. Bí ó bá kọjá ọjọ́ láìní ìdí tó mọ́yán lórí, wọn yóò gba rupee 250 lójúmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí dé 25,000, láti inú àpò ara rẹ̀. Nàìjíríà náà dárúkọ òṣìṣẹ́: abala 7 sọ pé “òṣìṣẹ́ tàbí ilé iṣẹ́” tó bá jẹ̀bi ni yóò san ìtanràn. Ọ̀rọ̀ “tàbí” yẹn ni òṣìṣẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ bẹ̀rù.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé ó ń jẹ́ kí lẹ́tà kúrò lórí tábìlì. Àìdọ́gba rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹni tó pàṣẹ ìkọ̀sílẹ̀. India rí èyí tẹ́lẹ̀, ó sì fi ọgbọ́n kan dí i: bí òṣìṣẹ́ ìwífún bá béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ìwé wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni yẹn náà di òṣìṣẹ́ ìwífún lójú òfin, ìyà sì lè tọ̀ ọ́ lọ. Ó yẹ kí àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa yẹ àbá yẹn wò dáadáa.

Àwọn tó ní kí alábòójútó dá dúró

Àwọn wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ ka irú ẹni tí òṣìṣẹ́ náà jẹ́ sí. Wọ́n ní ẹni tó dúró tì í lẹ́yìn ló ṣe pàtàkì. Bí kọmíṣánnà kan bá wà tí ìjọba kò lè pa lẹ́nu mọ́, agbaninímọ̀ràn yóò ní ibi tó lè tọ́ka sí nígbà tí ọ̀gá bá ń fipá mú un: “Kọmíṣánnà kò ní gbà fún wa.” Britain ní irú rẹ̀, South Africa ní i, India ní i. Nàìjíríà kò ní i. Agbẹjọ́rò Àgbà tó ń bójú tó òfin náà ni mínísítà tó tún ń gbèjà ìjọba ní kóòtù, ipò méjèèjì yìí sì ṣòro láti dì mú pọ̀ láìgbè sí ẹ̀yìn kan.

Ẹni tí wọn kò dá lóhùn ní Nàìjíríà, kóòtù ló kù fún un, láàárín ọjọ́ 30. Òfin ní kí kóòtù gbọ́ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ẹjọ́ tí àjọ SERAP pè ní 2011 lórí owó ìlú tí wọ́n jí kó tí ìjọba sì gbà padà láti 1999, oṣù Kejì 2016 ni ìdájọ́ rẹ̀ jáde ní Èkó. Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n àjọ ńlá ni SERAP, ó ní agbẹjọ́rò. Ọdún márùn-ún ju agbára ẹnì kan ṣoṣo lọ.

Kọmíṣánnà náà kì í ṣe àìkú. Mexico kọ́ àjọ ìwífún tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wò fi ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n sì fi òmìnira rẹ̀ sínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Ní ìparí 2024, àtúnṣe sí ìwé òfin kan náà ló fòpin sí i, tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba ní 2025. India kò pa tirẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe 2019 fi iye ọdún àti owó oṣù àwọn kọmíṣánnà sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀.

Àwọn tó ní kí wọ́n kúkú tẹ gbogbo rẹ̀ jáde

Àwọn ìkẹyìn wọ̀nyí fẹ́ kí iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn máa kéré sí i lọ́dọọdún. Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi kọ lẹ́tà béèrè ohun tó yẹ kó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Abala 2 òfin Nàìjíríà to ohun tí ilé iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ tẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, títí kan ipò àti àdírẹ́sì òṣìṣẹ́ tí ìbéèrè yóò lọ bá. Brazil lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin wọn jáde ní oṣù Kọkànlá 2011, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún 2012, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní 2015 pé kí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba máa jáde pẹ̀lú orúkọ.

Ní oṣù Kejìlá 2019, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣí Open Treasury Portal, níbi tí ilé iṣẹ́ ìjọba ti gbọ́dọ̀ máa fi owó tí wọ́n san hàn lójoojúmọ́, bí ó bá ti tó mílíọ̀nù 5 náírà. Ohun ìyanu ni nígbà náà. Àwọn oníròyìn àti ẹgbẹ́ bíi BudgIT rí ohun púpọ̀ fà yọ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìtẹ̀jáde kò déédéé mọ́. Kùdìẹ̀-kudiẹ ọ̀nà yìí gan-an nìyẹn: ohun tí ìjọba fínnúfíndọ̀ tẹ̀ jáde, ó lè fínnúfíndọ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìjọba ló sì ń yan ohun tí yóò fi hàn, ohun tí ará ìlú fẹ́ mọ̀ sì lè wà nínú èyí tí kò yàn. Lẹ́tà ìbéèrè kò ní tán láé.

Ohun tí kò tíì yanjú

Lẹ́yìn ìdájọ́ 2025, kò tíì hàn bí ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní amòfin kan ṣoṣo yóò ṣe rí ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n ipò yìí, tàbí bóyá ìpínlẹ̀ yóò kó wọn jọ sábẹ́ ọ́fíìsì kan. Èkìtì ti ṣe òfin FOI tirẹ̀ láti 2011. Bí òfin ìpínlẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àpapọ̀ lórí ọjọ́ tàbí lórí ìyà, èwo ni òṣìṣẹ́ yóò tẹ̀ lé nígbà tí lẹ́tà bá wà níwájú rẹ̀?

Òfin Ààbò Ìwífún Ara Ẹni ti 2023 tún fi ìnira mìíràn kún un. Ó fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀tọ́ tó lágbára lórí orúkọ àti ọ̀rọ̀ wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orúkọ agbaṣẹ́ṣe tó gba owó ọ̀nà tí kò ṣe, ṣé ọ̀rọ̀ ara ẹni ni àbí ọ̀rọ̀ ìlú? Abala 14 òfin FOI ní kí àǹfààní ìlú borí. Kò tíì dájú ibi tí àwọn kóòtù yóò dúró sí bí òfin méjèèjì bá kọlu ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tó wá fi ẹnu béèrè. Bí ìyá kan bá wọ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó sì fi Yorùbá sọ ohun tó fẹ́, òṣìṣẹ́ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ ni ilé iṣẹ́ yóò sì dáhùn. Bí ó bá kọ ọ́ tínrín ju bí ìyá náà ti sọ ọ́ lọ, tí èsì sì bá ohun tó kọ mu, ta ni yóò mọ̀ pé wọn kò dá ìyá náà lóhùn?